Gloria Vivaldi ní tónìkì sọ́fà: ibi tí iṣẹ́ dé

Oṣù kìn-ín-ní

Ọ̀gá akọrin ti kéde iṣẹ́ ọdún yìí: Gloria, orin ìyìn Látìn tí Antonio Vivaldi kọ ní kíì D (D ni ohùn tí orin fi ṣe ilé), pẹ̀lú àwọn adákọrin, fàyólìn, ipè àti dùùrù. Ìwé tí wọ́n pín fún wa, stáàfù (àmì ohùn lórí ìlà márùn-ún) ni látòkèdélẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sọ́fà (lẹ́tà d, r, m, f, s, l, t) ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa fi kọrin dàgbà. Mo ní kí wọ́n fi iṣẹ́ yíyí i sí sọ́fà sílẹ̀ fún mi. Alẹ́ ni mo máa ń jókòó tì í, tí iná bá wà. Tí kò bá sí, tọ́ọ̀ṣì a gbà á.

Àwọn kan ń wo sọ́fà bí ohun tí aláìmọ̀wé ń lò. Èmi kò sí níbẹ̀. John Curwen, tó tún un ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (ọwọ́ olùkọ́ obìnrin kan ní Norwich, Sarah Glover, ló ti rí ìpìlẹ̀ rẹ̀), ń wá ọ̀nà tí tálákà tí kò ní dùùrù nílé yóò fi lè ka orin lórí ìwé. Àwọn míṣọ́nnárì gbé e káàkiri Áfíríkà. Ní Ìbàdàn títí dòní, màmá tó ń ta aṣọ ní Gbági á ṣí ìwé, á wo áltò rẹ̀, á sì mú ohùn láì ní kí ẹnikẹ́ni bá òun tẹ dùùrù. Ta ló wá kù tó jẹ́ aláìmọ̀wé?

Apá kìn-ín-ní

Ó rọrùn. Fàyólìn ló ń ṣí i, d ìsàlẹ̀ àti d òkè ń dá ara wọn lóhùn, lẹ́yìn náà ni kọ́yà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ kan, ìlù kan.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú irú iṣẹ́ yìí: kólọ́ọ̀nù ló ń ya ìlù kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, àmì ìdánudúró ń pín ìlù sí méjì, ìlà kékeré ń fa ohùn gùn. Tí o bá fi lẹ́tà tó wà lórí kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ìlù tíríbù kò ní wà lókè ìlù bàásì, gbogbo rẹ̀ á wọ́. Irú lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Courier ni mo lò, torí àyè kan náà ni i àti m ń gbà nínú rẹ̀.

Apá kejì, Et in terra pax

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. B máínà ni, ìyẹn ni pé l ni ilé orin, ohùn tó ń padà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíì D la kọ sórí ewé. Àwọn ohùn ń wọlé tẹ̀lé ara wọn. Vivaldi á jẹ́ kí ọ̀kan máa gún èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ara á fi fẹ́ máa ta ọ, kó tó tú u. Kíì pàápàá kò dúró lójú kan. Ẹni tó ń ka stáàfù á kàn rí ṣáàpù kan (àmì tó ń gbé ohùn sókè díẹ̀) tó yọjú, á kọ ọ́, á kọjá lọ. Sọ́fà kò gbà bẹ́ẹ̀: ó gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ilé tuntun wà.

Ọ̀nà méjì ló wà. O lè fi d sílẹ̀ níbi tó wà, kí o máa kọ fe, se (f àti s tí a gbé sókè díẹ̀) àti ta (t tí a rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀) káàkiri, tàbí kí o ṣí d lọ sí kíì tuntun pẹ̀lú ohùn afárá, ohùn kan tó ní orúkọ méjì, ti kíì àtijọ́ àti ti tuntun. Òfin tí mo fún ara mi ni pé tí orin bá pẹ́ ní kíì àjòjì, mo ṣí d. Tó bá kàn yà níbẹ̀ tó sì padà, fe àti se tó.

Bàbá kan nínú ténọ̀, tó ti ń kọrin kí wọ́n tó bí mi, na ìka sí ewé.

“Ọmọ mi, s kékeré tó jókòó ti d ńlá yìí ńkọ́?”

“Afárá ni, sà. A ti bọ́ láti D sí A. Ohùn tí ẹ mú fún s, ẹ má yí i padà o, ẹ kàn máa pè é ní d láti ibẹ̀ lọ.”

“Ẹ̀hẹ́n. Wọn ò kọ ọ́ báyìí fún wa nígbà Messiah.”

Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ẹ̀dà àtijọ́ náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá bàbá jiyàn?

Látìn ló wà nínú orin yìí, ìyẹn sì fún mi ní ìsinmi. T. K. Ekundayo Phillips, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì l'Ékòó, kò yéé sọ pé kí ohùn orin bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ. Látìn kò bìkítà. Gbé e sókè, gbé e sílẹ̀, ohun kan náà ló ń sọ.

Àwọn adákọrin

Sòpíránò méjì àti áltò kan. Stáàfù ni àwọn sòpíránò ń kà. Áltò ní kí n bá òun kọ sọ́fà, mo sì kọ ọ́. Apá Domine Deus, tí sòpíránò ń dá kọ, nìkan ni mo kọ̀ láti fọwọ́ kàn: ìlù méjìlá nínú báà kan (àyè láàárín ìlà ìpín méjì), kólọ́ọ̀nù á bo ojú ewé.

Fúgù ìkẹyìn

Cum Sancto Spiritu, fúgù (orin tí àwọn ohùn ń lé ara wọn) tó parí iṣẹ́ náà, kì í ṣe ti Vivaldi látilẹ̀. Orin Giovanni Maria Ruggieri ló mú, ló tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó bínú sí i lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí. Gloria náà fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù: ilé àwọn ọmọbìnrin aláìlóbìí ní Venice, ilé Pietà, ni Vivaldi ti ṣiṣẹ́, òun sì kú ní 1741. Ìwé orin rẹ̀ wà ní ìpamọ́ títí wọ́n fi rí i, tí wọ́n kó o lọ sí ilé ìkàwé ní Turin, ó sì di 1939, ní Siena, kí aráyé tó tún gbọ́ Gloria yìí.

Agbowó ni mo ti ṣe fọ́tòkọ́pì. Ọmọ ibẹ̀ bi mí bóyá ìdánwò ìṣirò ni.

Alẹ́ orin

Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Mọ́lété ni, èrò sì kún dé ẹnu ọ̀nà. A kò rí oboe (irú fèrè kan), fàyólìn ló gba ipò rẹ̀ nínú Domine Deus, ó sì dùn bẹ́ẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù ló ṣe iṣẹ́ dùùrù àtijọ́, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ń wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ìlà bàásì, ó sì ń fúnra rẹ̀ kó àwọn ohùn tó kù jọ lé e lórí. Ibi tó mú mi lọ́kàn jù ni Agnus Dei, tí áltò ń dá kọ tí kọ́yà sì ń já lu ohùn rẹ̀, bí ẹni tó ń lé orin tí elégbè ń gbè é. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ àwọn èrò pé kì í ṣe ìgbà àtẹ́wọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn apá kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan tilẹ̀ ké “Halelúyà!” Mo gbà pé àwọn ló tọ̀nà.

Ténọ̀ kọjá gbogbo afárá apá kejì láìṣubú. Bàbá wo mi láti ọ̀ọ́kán, ó mi orí.

Ohun tó kù: ewé kan nínú ìwé bàásì, ní Propter magnam, lẹ́tà rẹ̀ kéré jù fún àwọn àgbà, n ó tún un tẹ̀. Ọ̀gá sì ti ní Magnificat ti Bach ló kàn. Kíì D náà ni, ṣùgbọ́n ohùn márùn-ún ni kọ́yà rẹ̀, nítorí náà ewé á fẹ̀ sí i. Mo ti ra bébà.