Ta Ló Kọ́kọ́ Dáwó?

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń yan ẹja tà ní Ẹ̀pẹ́, fẹ́ ra ààrò onírin tí èéfín rẹ̀ kò pọ̀, ó sì bẹ̀ mí kí n bá òun kọ ẹ̀bẹ̀ owó sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fara balẹ̀ kọ ọ́, mo fi àwòrán ojú rẹ̀ tí èéfín ti sọ di pupa sí i, mo sì gbà pé ẹni tó bá kà á yóò dá nǹkan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá, kọ́bọ̀ kò wọlé. Ìgbà tí Màmá wa gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ wọn ní ọjà Olúwo, tí àwọn yẹn sì ní kí àwọn ọmọ wọn bá wọn fi owó ránṣẹ́, ni àwọn tí a kò mọ̀ rí tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá tiwọn.

Kì í ṣe tiwa nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2014, Ethan Mollick, olùkọ́ ní Yunifásítì Pennsylvania, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìdáwójọ tó lé ní 48,000 lórí Kickstarter, ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn ti ń tọrọ owó fún iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ìṣirò rẹ̀ ni pé, nínú àwọn tó ń wá owó fíìmù, ẹni tó ní ọ̀rẹ́ 10 lórí Facebook ní àǹfààní ìdá 9 nínú 100 láti rí owó náà. Ẹni tó ní 100 ní ìdá 20, ẹni tó ní 1,000 sì ní ìdá 40. Lórí Kickstarter, bí owó kò bá pé iye tí ẹni tó ń tọrọ sọ pé òun ń wá, ẹnikẹ́ni kò ní san ohunkóhun, nítorí náà àlejò a máa wo iye tó ti wọlé kó tó tọwọ́ bọ àpò.

Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí máa ṣa ọ̀rẹ́ jọ kiri o: àbúrò mi ní ọ̀rẹ́ tó ju 2,000 lọ lórí Facebook. Ìwádìí mìíràn, tí Massimo Colombo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2015, ló tú ọ̀rọ̀ tiwa fún mi: ẹni tó ti ń dáwó fún àwọn ẹlòmíràn lórí Kickstarter ni owó máa ń tètè wọlé fún. Àbúrò mi kò dá fún ẹnikẹ́ni rí. Màmá wa ni kò pa ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú àwọn ìyá yẹn jẹ láti ọdún gbọọrọ, aṣọ ẹbí wọn sì kún àpótí. Owó Màmá wa ló padà wá.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ṣe òkú ìyá rẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Àbúrò mi ló gbé àpò ìrẹsì méjì lọ, kò dúró kí wọ́n rán òun.