Òróró Inú Kólòbó àti Bátìrì Inú Tọ́ọ̀ṣì

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìjì ńlá kan jà ní àdúgbò wa ní Ìlọrin ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Iná ti lọ kí atẹ́gùn tó dé. Páànù orí yàrá àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàgà-gbàgà, ìṣó rẹ̀ ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà sì ń fi ọwọ́ tá ilẹ̀ kiri nínú òkùnkùn, mò ń wá tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo rí i, bátìrì rẹ̀ ti kú. Aládùúgbò wa kan tí gbogbo wa ń pè ní Alfa ni ó gbé àtùpà wọlé wá, tí òjò ti pa á láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ fi ẹrù sílẹ̀." A kò tíì jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ tán tí a fi gbọ́ tí páànù wa fò lọ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, èmi ni mo kọ́ àwọn ènìyàn ní òwe àwọn wúńdíá mẹ́wàá inú Mátíù orí 25, tí wọ́n gbé àtùpà lọ pàdé ọkọ ìyàwó: àwọn márùn-ún tó gbọ́n mú òróró dání nínú kólòbó, àwọn márùn-ún tó jẹ́ òmùgọ̀ kò mú, nígbà tí wọ́n sì tọrọ, àwọn ọlọ́gbọ́n kò fún wọn. Mo sọ̀rọ̀ lórí kólòbó títí ẹnu fi ń ro mí. Mo sọ fún wọn pé ìyá mi àgbà ní Òmù-Àrán ní kólòbó kékeré kan tó ń fi adí sí, tí kì í jẹ́ kí ó gbẹ láéláé, nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ òru tí ara ọmọ yóò gbóná. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sílé lọ bá tọ́ọ̀ṣì tí kò ní bátìrì.

Ohun kan wà nínú òwe náà tí a máa ń fò kọjá. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n sùn, àti ọlọ́gbọ́n àti òmùgọ̀, kò sì sí ibi tí Olúwa ti bá wọn wí nítorí oorun. Kí oorun tó gbé wọn lọ ni ọ̀rọ̀ wọn ti yàtọ̀.

Mo mọ èsì tí àwọn ará kan máa ń fún ẹni tó bá mú irú ọ̀rọ̀ yìí wá. Wọn yóò ní, "Ẹ má fi ẹnu yín pè é, Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká ríbi." Mo máa ń ṣe àmín sí i, ṣùgbọ́n ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó bá rò pé ìgbàgbọ́ àti ìmúrasílẹ̀ ń ta ko ara wọn, kí ó lọ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́stélì orí 27 dáadáa. Ènìyàn 276 ni ó wà nínú ọkọ̀ tí Pọ́ọ̀lù wọ̀ lọ sí Róòmù, tí ìjì líle sì dé bá lójú òkun. Áńgẹ́lì Ọlọ́run ti dúró tì í ní òru, ó ti sọ fún un pé ọkọ̀ nìkan ni yóò ṣègbé, pé ẹ̀mí kan kò ní bọ́. Tí ó bá jẹ́ pé ìlérí máa ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́ ni, ọ̀rọ̀ ìbá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn atukọ̀ fẹ́ yọ́ sá lọ nínú ọkọ̀ kékeré, Pọ́ọ̀lù kan náà tó gba ìlérí ni ó sọ fún balógun ọ̀rún pé bí àwọn wọ̀nyí kò bá dúró nínú ọkọ̀, ẹ̀yin kì yóò lè là. Wọ́n ti fi okùn di ọkọ̀ náà nísàlẹ̀, wọ́n ti ju ìdákọ̀ró mẹ́rin sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n sì ń gbàdúrà kí ilẹ̀ mọ́. Pọ́ọ̀lù tún rọ̀ wọ́n kí wọ́n jẹun, kí ara wọn lè gba ohun tó ń bọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ fọ́, àwọn tó mọ omi í wẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ́ sómi, àwọn ìyókù di pákó mú, gbogbo wọn sì gúnlẹ̀ láàyè. Ìlérí Ọlọ́run ṣẹ ní kíkún, orí pákó ni ó sì gbà ṣẹ.

Mo ń sọ èyí nítorí pé ìpínlẹ̀ wa kò jìnnà sí ewu bí a ṣe máa ń rò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ ojú omi kan tó kó àwọn tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ ní òru dànù sínú odò Ọya ní agbègbè Pategi, àwọn tó kú sì lé ní 100. Ní ọdún 2022, omíyalé pa ènìyàn tó lé ní 600 káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, ó sì lé àwọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Nígbà tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kì í pẹ́ tí àwọn kan yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn olóògbé dá. Jésù ti dáhùn èyí ní Lúùkù orí 13. Ó ní àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa kò jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀ ju àwọn tó ṣẹ́kù ní Jerúsálẹ́mù lọ, àwọn tó ń gbọ́rọ̀ ni kí wọ́n ronú pìwà dà.

Nítorí náà mo pe káfíńtà. Ó fi hàn mí pé páànù tiwa yọ jáde jù létí, pé abẹ́ etí yẹn ni atẹ́gùn ti wọlé tó fi gbé e sókè, àti pé wọn kò fi irin kankan de igi òrùlé mọ́ ògiri. Ìlà-oòrùn ni ìjì àkọ́rọ̀ òjò sábà máa ń gbà wá, apá ibẹ̀ ni a sì tún ṣe jù. Àwọn ìwé ilé, ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ àti oògùn ìyàwó mi wà nínú báàgì onírọ́bà kan báyìí, gbogbo ilé ló sì mọ ibi tó wà. A kọ́ àwọn ọmọ pé omi tó ń ṣàn kọjá ọ̀nà kì í ṣe ohun eré, nítorí pé èyí tí kò tilẹ̀ dé orúnkún lè gbá àgbàlagbà ṣubú. A kọ́ wọn pé gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó máa ń rọ̀ sí, nítorí náà bí òórùn rẹ̀ bá gba ilé, kí wọ́n má ṣe tan iná, kí wọ́n má sì pa èyí tó wà ní títàn, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, kí wọ́n bọ́ síta. Wọ́n mọ 112 tí a ń pè bí pàjáwìrì bá dé. Ní ti gọ́tà iwájú ilé, a ṣì ń bá àwọn aládùúgbò jà lórí ìdọ̀tí tí òjò ń gbá lọ sí odò Àsà. Mi ò tíì borí níbẹ̀.

Ìjọ wa náà ní tirẹ̀. Ìgbà tí mo wo yíká ní ìṣọ́ òru kan ni mo rí i pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí a tì nítorí olè, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ ń tú èéfín sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù. Èéfín náà ní afẹ́fẹ́ olóró tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn, tó lè mú ènìyàn sùn lọ pátápátá. A ti gbé e jìnnà, kọ́kọ́rọ́ sì ti wà lára ìṣó ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó gbà wá tó oṣù mẹ́ta kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i, ẹ má bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Mo tún dábàá pé kí a máa ya owó kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù, nítorí pé nígbà tí wòlíì Ágábù sọ tẹ́lẹ̀ pé ìyàn ńlá ń bọ̀, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ní Áńtíókù dáwó ránṣẹ́ sí àwọn ará ní Jùdíà, olúkúlùkù bí agbára rẹ̀ ti tó. Àsọtẹ́lẹ̀ tiwa kì í sábà débi àpò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe páànù ni mo ń rò ní òru ọjọ́ yẹn. Bí mo ṣe jókòó sábẹ́ àtùpà Alfa, ohun tí mo rí ni pé ìmọ́lẹ̀ ṣeé yá. Àga ṣeé yá, ẹní ṣeé yá, òrùlé pàápàá ṣeé yá mọ́jú. Èmi náà gbọ́dọ̀ ní bátìrì nílé, kí n lè rí èyí tí mo máa yá ẹlòmíràn. Òróró tí àwọn wúńdíá yẹn kọ̀ láti pín kì í ṣe ahun ni wọ́n fi ṣe. Irú rẹ̀ kò ṣeé bù fúnni ni. Ó ti lé ní ọdún méjì nígbà yẹn tí èmi àti àbúrò mi kò ti bá ara wa sọ̀rọ̀ nítorí ilẹ̀ bàbá wa ní Òmù-Àrán, mo sì ń gbàdúrà Olúwa ní gbogbo àárọ̀, mo ń ní kí Ọlọ́run dárí jì mí gẹ́gẹ́ bí mo ti ń dárí ji àwọn tó ṣẹ̀ mí. Ká ní ògiri ti wó lù mí ní òru yẹn, ta ni mo fẹ́ lọ yá ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ̀?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí n tó wá páànù lọ, mo tọrọ fóònù Alfa. Mo pe àbúrò mi lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó gbé e, ó gbọ́ ohùn mi, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí nǹkan?"