Nọ́mbà 14 pọ́n bíi ti àwọn yòókù

Ọjọ́bọ̀, Ògbómọ̀ṣọ́

Iná ti lọ kí n tó dé láàbù láàárọ̀ yìí. N ò tíì wọ kóòtù mi tán tí mo ti sáré ṣí kúlà, mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀: yìnyín ṣì kù. Ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tí a lọ gbà lánàá lọ́nà Ìkòyí ló wà níbẹ̀. Bí ooru bá mú un, oògùn apakòkòrò tó bá ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ á máa bá iṣẹ́ lọ nínú ìgò, ohun tí mo bá sì kà kì í ṣe ohun tó wà lára onítọ̀hún mọ́.

Mi ò tíì ṣàlàyé iṣẹ́ yìí síbí rí. Ẹ́ńsáìmù kan wà lára wa tó ń jẹ́ cholinesterase. Nígbà tí iṣan bá ti jẹ́ ìpè tán, òun ló ń pa ìpè náà lẹ́nu mọ́ kí iṣan lè sinmi. Àwọn oògùn bíi chlorpyrifos àti dimethoate tí wọ́n ń fín sí ẹ̀wà àti tòmátì, ẹ́ńsáìmù yìí gan-an ni wọ́n ń dè mọ́lẹ̀, lára kòkòrò àti lára ènìyàn. Ìpè ò wá ní dákẹ́ mọ́. Itọ́ á máa dà, ojú á máa ṣomi, òógùn á bo ènìyàn, ẹran ara á máa gbọ̀n. Tó bá le jù bẹ́ẹ̀, èémí á di ìjà. Kí gbogbo èyí tó fojú hàn, ẹ́ńsáìmù á ti lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ sì ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ellman, gbé jáde ní 1961 la ṣì ń lò: a ó fún ẹ́ńsáìmù ní ohun tí yóò gé, ohun tó bá gé á bá DTNB, kẹ́míkà tó ń mú àwọ̀ jáde, pàdé, omi tó mọ́ gaara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ìyeyè. Bí ẹ́ńsáìmù ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń yára pọ́n tó.

Iná dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Nọ́mbà la fi ń dá ẹ̀jẹ̀ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Gbogbo ìgò ló pọ́n, nọ́mbà 14 náà pọ́n. Mo ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ jẹ ọkà nígbà tí mo ṣí rẹ́jísítà oṣù kẹfà.

Oṣù kẹfà la gba ẹ̀jẹ̀ wọn àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn. Ẹ́ńsáìmù ẹlòmíràn pọ̀ láti ilẹ̀, ti ẹlòmíràn mọ níwọ̀n, ara àwọn méjèèjì sì lè dá ṣáṣá. Bí o bá kó nọ́mbà 14 sáàárín àwọn yòókù lónìí, ó bá wọn mu dáadáa. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà, òun ló ga jù nínú gbogbo wọn. Bí a bá pe ti ìgbà yẹn ní 100, 62 ló kù. Ní California, ní Amẹ́ríkà, bí ẹ́ńsáìmù inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ bá ti já wálẹ̀ dé 70, òfin ní kí òṣìṣẹ́ yẹra fún oògùn títí yóò fi padà dé 80.

Mo jókòó. Èmi ni mo ṣàṣìṣe, ohun tí mo kọ́kọ́ rò nìyẹn. Mo po DTNB tuntun, mo fi fọ́ìlì wé ìgò rẹ̀ nítorí ìmọ́lẹ̀, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé ẹ̀jẹ̀ tèmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò yẹ̀. Owó epo ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ìrìn àjò oṣù kẹfà yẹn lọ́wọ́. Ká ní a ò lọ ni, ǹ bá kọ "kò séwu" síwájú nọ́mbà 14, ǹ bá sì fi ọwọ́ ara mi buwọ́ lù ú. Ó ń dùn mí títí di báyìí tí mò ń kọ ọ́.

Ọ̀gá wa pe àgbẹ̀ tó ni nọ́mbà 14, wọ́n sì gun ọ̀kadà wá lọ́sàn-án. Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé tèmi, àmọ́ mo dá wọn mọ̀: Bàbá tí táwẹ́lì aláró kan kì í kúrò lọ́rùn wọn.

"Ara mi le o, dọ́kítà. Orí ló kàn máa ń fọ́ mi bí mo bá ti oko dé. Oòrùn ni."

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kẹ̀yìn sí mi. Ní ìbàdí ẹ̀wù wọn, níbi tí ìdí páǹpù máa ń wà, aṣọ ti ṣá, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Wọ́n ní páǹpù ń jò díẹ̀, táwẹ́lì yìí ni àwọn fi ń nù ún. Imú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dáàbò bò, bẹ́ẹ̀ awọ ara ni oògùn yìí ń gbà wọlé jù fún ẹni tó ń fín in.

Ọ̀gá ní kí wọ́n má fín nǹkan kan mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tuntun ni yóò gbé ẹ́ńsáìmù tuntun wá, ó sì lè tó oṣù mẹ́ta.

"Ẹ̀wà ti ń tanná. Ta ni yóò bá mi fín in?"

Kò sẹ́ni tó lè dáhùn nínú wa. Fọ́ọ̀mù wa ò ní ààyè fún ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kó ní.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n yíjú padà. "Ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ oṣù kẹfà yẹn, ṣé ó ṣì kù díẹ̀ lọ́dọ̀ yín tí ẹ lè dá padà sí mi lára?"

Tọkàntọkàn ni wọ́n fi bi í. Mo ní ara wọn fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe òmíràn, bí wọ́n bá fún un láyè. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bọ́ táwẹ́lì yẹn. Wọ́n bọ́ ọ.