Ẹ́ńjìnì wọlé, kò ríbi jáde: bí mo ṣe tú ìdíkọ̀ rélùwéè kékeré mi palẹ̀, tí mo tún un tò

Nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 ni mo bẹ̀rẹ̀ eré yìí. Ínfátà ni mo máa ń tún ṣe jẹun, kò sì sẹ́ni tó ń pè mí wá síbi iṣẹ́ lásìkò yẹn. Ni mo bá gbé páálí rélùwéè aláwòṣe kan tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Jámánì sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ra pílááwúùdù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìṣó. Kí ọdún náà tó parí, mo ti ní ìdíkọ̀ kan tó dùn ún wò: pèpéle tí mo fi páálí ṣe tí mo kùn bíi sìmẹ́ǹtì, òrùlé páànù tó ti ń dípẹtà, obìnrin oníbọ̀ọ̀lì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, danfó méjì tó ń dúró de èrò. Ojú irin mẹ́ta ló wọ ibẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọlé wa ló ń ya fótò rẹ̀.

Onílé wa nìkan ni kò yà á. Gáàdì ni wọ́n lórí rélùwéè, ẹni tó máa ń jókòó sí ìdí ọkọ̀ láti máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, láyé ìgbà tí ọkọ̀ ń lọ Kánò déédéé. Èbúté Mẹ́tta la ń gbé, kò jìnnà sí Òyìngbò, níbi tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè, a ó dákẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wa ná. Owó omi ni Bàbá wá gbà lọ́jọ́ náà. Wọ́n rí pátákó mi, wọ́n fa àga, wọ́n ní kí n wa ọkọ̀ náà káwọn rí i. Mo wà á. Ó rọra wọlé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, ẹ́ńjìnì kọjú sí ìdènà níbi tí irin ti tán.

"Bàbá Ìbejì, ó dáa. Ẹ́ńjìnì ti wọlé. Ibo ló máa gbà jáde?"

Mo na ọwọ́, mo gbé ẹ́ńjìnì sókè, mo gbé e lọ sí ìdí ọkọ̀ lẹ́yìn.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. "Ọwọ́ ta nìyẹn? Ní ìdíkọ̀ Ìddó, a ò ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ o."

Ó dùn mí díẹ̀, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju ìbéèrè yẹn lọ. Kí o tó to ìdíkọ̀, mọ iṣẹ́ tí ọkọ̀ fẹ́ wá ṣe níbẹ̀. Èmi ti kọ́ ilé tán kí n tó máa wá iṣẹ́ fún un. Ojú irin mẹ́ta mi yẹn, ibi tí ọkọ̀ lè dúró sí lásán ni wọ́n. Kò sí ohun tí ọkọ̀ lè ṣe níbẹ̀ ju kó wọlé, kó jáde, kó tún yípo pátákó bí eṣinṣin. Láàárín oṣù méjì, àwọn ìbejì pàápàá kò wò ó mọ́.

Bàbá ló ṣàlàyé bó ṣe máa ń rí ní ìpẹ̀kun irin. Ìpẹ̀kun sì ni Ìddó látìgbà tí ọkọ̀ ti ń ti ibẹ̀ lọ Ìbàdàn lọ́dún 1901. Nígbà náà, ẹni tó bá ń lọ sí Erékùṣù Èkó yóò sọ̀ níbẹ̀, tírámù kékeré kan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1902 a sì gbé e kọjá afárá. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, ẹnì kan á sọ̀ kalẹ̀ tú ẹ́ńjìnì kúrò lára àwọn kóòṣì tó ń gbé èrò. Ẹ́ńjìnì á sún síwájú díẹ̀, kó lè kọjá pọ́ìǹtì, ìyẹn ibi tí irin kan ti pín sí méjì. Wọ́n á yí pọ́ìǹtì, á fi ẹ̀yìn rìn gba ojú irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, á kọjá gbogbo kóòṣì náà, á tún gba pọ́ìǹtì kejì wọlé, á so mọ́ ìdí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìdí á di orí. Lúùpù ni wọ́n ń pe ojú irin ẹ̀gbẹ́ yẹn. Èmi ní irin mẹ́ta, n kò ní lúùpù kan.

Wọ́n tún sọ ohun kan kí wọ́n tó dìde, òun ni kò jẹ́ kí n sùn. Wọ́n ní irin náà fẹ̀ jù lábẹ́ ọkọ̀.

Mo rò pé àríwísí àgbà ni. Nígbà tó di òru, mo gbé rúlà. Àárín irin HO tí mo ń lò jẹ́ mìlímítà 16.5. HO túmọ̀ sí pé a ti dín nǹkan gidi kù ní ìlọ́po 87. Sọ 16.5 di ìlọ́po 87, wàá rí 1435. Fífẹ̀ irin tuntun tó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn nìyẹn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹfà ọdún 2021, tí ìdíkọ̀ ńlá rẹ̀ wà ní Alágoméjì. Ṣùgbọ́n irin àtijọ́ tí Bàbá fi ìgbésí ayé wọn ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, 1067 ni. Ojú lásán ni wọ́n fi rí i.

Ṣé kí n wá kó gbogbo irin dà nù ni? Àwọn tó ń ṣe eré yìí ní New Zealand, níbi tí irin ti jẹ́ 1067 bíi tiwa, ti dá ọgbọ́n kan: wọ́n fi irin sílẹ̀ bó ṣe wà, ọkọ̀ ni wọ́n sọ di ńlá. Bí o bá dín 1067 kù ní ìlọ́po 64, ó di bíi 16.7, ojú kankan kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí 16.5. Nítorí náà mo fi ẹ̀rọ abẹ́ ẹ́ńjìnì mi sílẹ̀, mo bọ́ ara rẹ̀ kúrò, mo fi páálí líle kọ́ ara mìíràn tó tóbi jù ú lọ. Kóòṣì náà bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìdí tí danfó mi fi ń tóbi jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòṣì látọjọ́ yìí! Ọ̀pọ̀ mọ́tò onírin tí wọ́n ń tà fún ọmọdé lójú pópó ló súnmọ́ ìwọ̀n 64 yìí. Danfó ò ní ẹ̀bi, ọkọ̀ ojú irin mi ló kéré.

Kí n tó tú ohunkóhun, mo gé ìwé ìròyìn ní wíwọ̀n pátákó, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní pálọ̀. Ibi yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ dáadáa. Pátákó mi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 244, kò sì lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Ẹ́ńjìnì mi jẹ́ 23. Kóòṣì kan jẹ́ 28, wágọ́nù ẹrù 16, pọ́ìǹtì kan 20. Ọkọ̀ gidi lè fa kóòṣì mẹ́wàá. Èmi gba mẹ́ta. Ẹni tó bá kọ̀ láti dín kóòṣì kù yóò ní ìdíkọ̀ tí ọkọ̀ kan ṣoṣo kún bámúbámú, tí nǹkan mìíràn kò sì lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Mo fi 30 sílẹ̀ níwájú kí ẹ́ńjìnì lè sún kọjá pọ́ìǹtì, lúùpù gba 100, èyí tó kù lẹ́yìn di ohun tí Bàbá ń pè ní nẹ́ẹ̀kì: irin gígùn kan tí ẹ́ńjìnì ń fa wágọ́nù jáde sí nígbà tó bá ń to ẹrù, kó má baà máa dí ojú irin àgbà. Lórí ìwé, ó pé.

Mo fi pín-ìnnì kan irin náà mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀, mo to kóòṣì mẹ́ta sílẹ̀, mo rán ẹ́ńjìnì gba ẹ̀gbẹ́. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, gbàà! Ó gbá kóòṣì tó wà lẹ́yìn ní èjìká, ìyẹn sì lọ balẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti wọn lúùpù láti pọ́ìǹtì dé pọ́ìǹtì, bẹ́ẹ̀ irin méjì tó ń pàdé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti kan ara wọn gan-an ni wọ́n ti ń há. Wọ́n ti há kó tó débẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá níhìn-ín, mẹ́wàá lọ́hùn-ún, 100 mi ti di 80, kóòṣì mẹ́ta sì jẹ́ 84. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: mo na lúùpù dé 110, mo yọ wágọ́nù kan kúrò nínú ìṣirò nẹ́ẹ̀kì. Ṣùgbọ́n ká ní mo ti lẹ irin yẹn pa, ẹkún ni ǹ bá sun. Ní báyìí, igi ìṣáná tí mo kùn ní funfun wà láàárín irin méjì níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í há. Kóòṣì kankan kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Bàbá ní irú àmì bẹ́ẹ̀ wà lórí irin gidi náà.

Ti títú ìdíkọ̀ àtijọ́, n kò ní sọ púpọ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń tú gọ́ọ̀mù káfíńtà tí mo fi lẹ òkúta wẹ́wẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi máa tọ́ ọ sí i, díẹ̀díẹ̀. Èmi bu ife kan dà á, pílááwúùdù mu ún yó, ó wú bí àkàrà, mo sì ní láti gé apá ibẹ̀ kúrò. Lẹ́bú pákó tí mo pa láró fún koríko, àpò kan tí mo ti kó nígbà tí àwọn onípákó ṣì wà ní Òkò Bàbá ni mo ń lò di báyìí.

Wáyà ni iṣẹ́ ọwọ́ mi, síbẹ̀ ibẹ̀ náà já mi kulẹ̀. Àárín pọ́ìǹtì, níbi tí irin méjì ti gbé ara wọn ní àgbélébùú, oníke ni lára àwọn tí mo ní. Iná tí ẹ́ńjìnì ń gbà lára irin kì í dé ibẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré yípo, kò ní mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìdíkọ̀ jẹ́ ìrìn ìgbín, ẹ́ńjìnì kékeré á sì kú sórí rẹ̀ pátápátá, wàá tún na ọwọ́ ọ̀run tí Bàbá fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mo pààrọ̀ wọn sí èyí tí àárín rẹ̀ jẹ́ irin, mo jó wáyà mọ́ ọn, mo gbé e gba súwíìṣì kékeré kan tó ń yí bí pọ́ìǹtì bá ti ń yí. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń fa pọ́ìǹtì láti etí pátákó. Àwọn kan á ní kí o ra mọ́tò fún un. Tèmi ò ju kí ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mọ̀ ọ́n lára pé pọ́ìǹtì ti yí.

Lẹ́yìn gbogbo èyí la tó dé ibi tó dùn. Mo gbé pátákó kékeré kejì sẹ́yìn kọ́tìnì, òun ló dúró fún Ìbàdàn, Kánò àti gbogbo Nàìjíríà tó kù. Ọkọ̀ ń ti ibẹ̀ wá, ibẹ̀ ló sì ń padà sí. Irin kan ṣoṣo ló so méjèèjì pọ̀. Ní ọjọ́ kejì, Táíwò rán ọkọ̀ ẹrù jáde láti ìdíkọ̀, Kẹ́hìndé rán ti èrò bọ̀ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, wọ́n forí gbárí, àwọn fúnra wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Bàbá ní láyé àwọn, níbi tí irin bá ti jẹ́ ẹyọ kan, awakọ̀ tí kò bá gba àmì àṣẹ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, àmì náà kì í sì í ju ẹyọ kan lọ síta lẹ́ẹ̀kan náà. Orógùn ìyá àwọn ọmọ la sọ di tiwa. Ẹni tí orógùn ò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, kó dúró. Ìjà parí, àfi lọ́jọ́ Sunday tí ìyá wọn bá ń ro àmàlà tí gbogbo rélùwéè á dúró.

Wágọ́nù kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, mo kọ ibi tó ti ń bọ̀, ẹrù inú rẹ̀ àti irin tó yẹ kó dúró sí sára rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ń lọ sí ẹ̀yìn ìsọ̀, màlúù ń lọ síbi géètì, ẹ̀pà ń dúró de ọkọ̀ Àpápá. "Wágọ́nù tí kò ní ìwé, ẹrù olè ni," Bàbá wí. Káàdì mẹ́fà péré, ó lè gba wákàtí kan kí ẹ tó to ọkọ̀ kan tán, nítorí èyí tí o nílò ni yóò máa wà ní ẹ̀yìn èyí tí o kò nílò.

Mo kà pé àwọn kan ń lo aago tó ń sáré, tí wákàtí kan á fi di mẹ́fà. Mo gbìyànjú rẹ̀, ó sọ wá di oníṣòwò Balógun lọ́jọ́ ọ̀la ọdún. Mo pa á tì. Ìwé kan ni mo kọ, ọkọ̀ àkọ́kọ́, èkejì, ẹ̀kẹta. Bí ọ̀kan kò bá tíì parí iṣẹ́ rẹ̀, èkejì kò ní gbéra, ì báà di ọ̀la. Èkó nìyí o. Wọ́n á mú iná lọ, bátìrì á tán, a ó fi ìgò bíà bo ìlà tí a dé, a ó lọ sùn. Nígbà tí iná bá dé, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, mo ránṣẹ́ pe Bàbá wá wò ó. Wọ́n mú dígí ojú wọn wá. Ọkọ̀ èrò wọlé, Táíwò tú ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì sún síwájú, ó gba lúùpù, ó kọjá igi ìṣáná láìfara kan ohunkóhun, ó yí wá so mọ́ ìdí. N kò fọwọ́ kàn án. Bàbá kò rẹ́rìn-ín, wọ́n kàn ń mi orí. Ó wá kan ọkọ̀ ẹrù, wágọ́nù mẹ́ta, káàdì mẹ́ta, Kẹ́hìndé ti gba orógùn, ó ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

"Dúró," Bàbá ní. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fi ìka kan ẹ̀yìn wágọ́nù tó kẹ́yìn, níbi tí kò sí nǹkan kan. "Èmi dà? Níbo ni gáàdì jókòó sí?"

Ọkọ̀ ẹrù náà ṣì wà níbi tó wà látọjọ́ náà. Mo ti gé páálí wágọ́nù gáàdì, mo ti kùn ún, ó ku táyà méjì tí mo fẹ́ lọ wá ní Aláàbà.