Ìwé àdéhùn tó o fọwọ́ sí, gba ẹ̀dà tìẹ kó o tó jáde ní ọ́fíìsì

Ẹ̀yin ọmọbìnrin agbábọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ wà ní káńpù báyìí, tẹ́ ẹ ń retí kí wọ́n pè yín wá fọwọ́ síwèé, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á kó yín jọ sínú yàrá kan, akọ̀wé ẹgbẹ́ á ti ká ìwé sí ojú ibi tí ẹ máa fọwọ́ sí, á ní "ibí, ibí, àti ibí yìí." Ẹ ò ní ráyè ka nǹkan kan. Tẹ́nì kan bá ní òun fẹ́ mú ẹ̀dà tòun lọ, wọ́n á ní alága ò tíì fọwọ́ sí i, pé tó bá yá. Tó bá yá ọ̀hún, mo ṣì ń retí rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn ará ilé ò mọ̀ pé báyìí ni nǹkan rí. Látìgbà tí Super Falcons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, ti gba ife Áfíríkà wọn kẹwàá ní Rabat ní ilẹ̀ Morocco ní oṣù keje 2025, tí Ààrẹ sì ṣèlérí 100,000 dọ́là àti ilé fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, àwọn aládùúgbò ò jẹ́ kí màámi gbádùn. "Ilé tọmọ yín ńkọ́?" Ṣé gbogbo wa ni Falcons ni? Líìgì abẹ́lé ni èmi wà, níbi tí owó oṣù ti ń wọlé nígbà tó bá wù ú. Òótọ́ ni pé Asisat Oshoala àti Rashidat Ajibade ti ẹgbẹ́ FC Robo ní Èkó bẹ̀rẹ̀ kí òkè òkun tó mọ̀ wọ́n, ohun tá a sì fi ń tu ara wa nínú nìyẹn. Àmọ́ láàárín FC Robo àti Barcelona, orúnkún lè já.

Tèmi já nígbà ọyẹ́, oṣù kìíní 2025. A rìnrìn àjò lọ gbá bọ́ọ̀lù, inú bọ́ọ̀sì la sùn mọ́jú. Ilẹ̀ pápá yẹn gbẹ, koríko wà níbì kan, kò sí níbì kan. Wíńgà ọ̀tún ni mí. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sí mi, mo gbà á sẹ́sẹ̀, mo fẹ́ gé wọlé. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn mí, ẹ jọ̀ọ́, torí wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé èmi ni mo lọ kọ lu èèyàn. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi há mọ́lẹ̀, orúnkún yí, mo sì gbọ́ "pọ́!" Ọmọ tó ń ṣọ́ mi náà gbọ́ ọ. Òun ló kọ́kọ́ káwọ́ lérí.

Wọ́n da pure water dídì lé e, wọ́n fi oògùn gbígbóná pa á. Kóòṣì ní, "Ṣé wàá lè tẹ̀ ẹ́?" Mo dìde. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo gbé èkejì, orúnkún náà yẹ̀ lábẹ́ mi bí ẹni pé kò sí egungun nínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n tẹ́ mi sórí àga ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, gbogbo ihò títì tá a bá kó sí ni mo fi orúnkún kà. Ká tó dé káńpù, ó ti wú débi pé ìbọ̀sẹ̀ ò ṣe é bọ́. Ọmọ tá a jọ ń sun yàrá kan ló fi sísọ́ọ̀sì gé e kúrò lẹ́sẹ̀ mi, tó ń bẹ̀ mí pé kí n má pariwo, torí àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́la ń sùn.

Kò sí dókítà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, akọ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò tiẹ̀ wọlé. Ó ní kí n lọ sílé lọ tọ́jú ara mi, tí mo bá dá kí n padà. Mo ní, "Ta ló máa sanwó ìtọ́jú, sà?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ó wà nínú ìwé ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìwé tí wọn ò jẹ́ kí n kà, tó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, òun ló ń bi mí bóyá ó wà níbẹ̀. Mo máa ń tají lóru títí di ìsinsìnyí tí màá máa gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Mi ò tíì kó ẹrù mi tán tí ọmọ tuntun fi dé pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ní "Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí," kò mọ ibi tó máa wò. Orí fóòmù mi ni wọ́n ní kó sùn, fóòmù tí mo fowó ara mi rà. Mo fi sílẹ̀ fún un. Ẹsẹ̀ kan wo ni màá fi gbé e?

Oṣù tó tẹ̀ lé e, owó ò wọlé. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà, bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹbí gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun. Mi ò bú wọn o, wọ́n ń ṣe gudugudu méje lórí egungun tó dá, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe egungun. Iṣan tó so egungun itan mọ́ ti ojúgun ló já, èyí tí wọ́n ń pè ní ACL, títò kan ò sì lè so ó padà. MRI, àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà, ló fi hàn, owó MRI yẹn nìkan sì ju owó oṣù mi lọ. Nígbà tí wọ́n ń gbá àṣekágbá ní Rabat, orí àpótí ni ẹsẹ̀ mi wà. Morocco ti fi góòlù méjì ṣíwájú, ni Okoronkwo tiwa bá gbá pẹnáritì wọlé, Ijamilusi dọ́gba rẹ̀, Echegini sì parí iṣẹ́ nígbà tí eré kù díẹ̀ kó tán. Gbogbo àdúgbò ń pariwo. Èmi náà pariwo, kí n má parọ́, lẹ́yìn náà ni mo wọ yàrá lọ sunkún.

Bí owó iṣẹ́ abẹ ṣe jáde, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Bùrọ̀dá mi, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àti ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun. Wọ́n ṣe é, mo kọ́ ìrìn, mo kọ́ eré sísá, mo ti wà ní ẹgbẹ́ mìíràn báyìí. Ó tán.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ohun tí mo rí ni pé ẹ̀dà ìwé àdéhùn rẹ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ. Ní ẹgbẹ́ tuntun yìí, mo jókòó sí ọ́fíìsì wọn láti àárọ̀ títí wọ́n fi ṣe fọ́tókópì. Wọ́n ń wò mí bí oníjàngbọ̀n. Kí wọ́n máa wò. Tí wọ́n bá ní ẹ̀rọ bàjẹ́, fi fóònù ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kó o fi ránṣẹ́ sí ẹni méjì lórí WhatsApp lójú ẹsẹ̀. Wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìfarapa: ta ló ń sanwó ìtọ́jú, ṣé owó oṣù á máa wọlé tó o bá wà nílé? Tí kò bá sí níbẹ̀, ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i kó o tó fọwọ́ sí i. Wọ́n lè kọ̀ o. Ṣùgbọ́n wàá ti mọ irú àwọn tó o wà lọ́dọ̀ wọn kí orúnkún tó sọ fún ẹ.

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ò tíì pé ọdún 18, òfin FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, ò gba àdéhùn tó ju ọdún mẹ́ta lọ fún yín. Tí wọ́n bá gbé ọlọ́dún márùn-ún wá fún bàbá yín pé kó fọwọ́ sí i, ẹ ka ìwé yẹn fún bàbá. Ẹ kà á, mo ní.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù náà, ìwé ni. FIFA sọ pé tí ẹgbẹ́ bá jẹ ẹ́ ní owó oṣù méjì, o lè kọ lẹ́tà sí wọn, kó o fún wọn ní ó kéré tán ọjọ́ 15 láti san án. Tí wọn ò bá san án, o ní ẹ̀tọ́ láti já àdéhùn náà. Lẹ́tà ni o, kì í ṣe kí o lọ máa bẹ máńéjà lẹ́yìn ìdánrawò. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ agbábọ́ọ̀lù ní NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi ẹ́ ni ìwé àdéhùn. Èmi ò ní, nítorí náà álẹ́ẹ̀tì báńkì ni mo kó jọ, pẹ̀lú orúkọ mi nínú ìwé àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù, àti fọ́tò ọjọ́ tá a fọwọ́ síwèé. Ẹ má pa álẹ́ẹ̀tì rẹ́ lórí fóònù.

Àwọn kan á ní mo ń ba ẹgbẹ́ tó bọ́ mi jẹ́. Wọ́n bọ́ mi lóòótọ́, mo sì sáré fún wọn. Àwọn Falcons gan-an, ní 2004 ní South Africa, wọ́n gba ife tán wọ́n jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì pé àwọn ò kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá sanwó àwọn. Ní 2016, wọ́n ti Cameroon gbé ife bọ̀, Àbújá ni wọ́n ti wọ́ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ṣé àwọn náà ń ba orílẹ̀-èdè jẹ́ ni?

Ti orúnkún, kí n má gbàgbé: iṣan yìí ń já lára àwa obìnrin ju tọkùnrin lọ dáadáa. Alexia Putellas tó gba Ballon d'Or, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lágbàáyé, tiẹ̀ já ní 2022. Ìdárayá kan wà tí wọ́n ń pè ní FIFA 11+, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni, ọ̀fẹ́ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń dín ìfarapa kù. Tí kóòṣì yín ò bá ṣe é, ẹ ṣe é fúnra yín kó tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é náà lè fara pa, ẹ sì ti mọ ohun tí akọ̀wé máa bi í.

Ẹ má bi mí lórúkọ ẹgbẹ́ náà mọ́. Ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀, wọ́n sì ti ń sọ pé ẹnu mi ti gbòòrò jù. Ọmọ tó gba fóòmù mi pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní ṣé wọ́n ti fún un ní ẹ̀dà ìwé tiẹ̀. Ó ní wọ́n ní tó bá yá.