Ọtí lẹ́búlẹ́bú nínú àpò ìrìnàjò

Ọ̀rá ọtí lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ṣí ní àgọ́ lálẹ́ yìí ti dì gbagidi. Ọtí tí kò le tó ni wọ́n fi pò ó. Omi inú rẹ̀ ló yọ́ maltodextrin, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi sítáàṣì ṣe, tó ń fa ọtí náà mu. Èyí tó le tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ni kí ẹ lò: 30 gíráàmù rẹ̀ sínú 100 gíráàmù maltodextrin tó fúyẹ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Ẹ máa ta á sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rò ó, ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́, kí ẹ sì dí ẹnu ọ̀rá pa kíákíá, torí ọtí a máa gbẹ lọ.

Ṣùgbọ́n ta ló ní ọtí lẹ́búlẹ́bú ń dín ẹrù arìnrìnàjò kù? 130 gíráàmù lẹ gbé torí ọtí 30 gíráàmù o!