Ẹ̀bà ẹlẹ́ẹ̀kẹta

Ọmọ mi ọkùnrin tó ní autism, ìyẹn ni pé ọpọlọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ yòókù, ọmọ ọdún 8 ni, tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti bẹ̀rẹ̀ ariwo báyìí ló máa ń forí gbá ògiri, àpá eyín ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Dókítà wá kọ oògùn kan tí wọ́n ń pè ní risperidone fún wa, ó ní kì í wo autism o, ìbínú àti bó ṣe ń ṣe ara ẹ̀ léṣe yẹn ló máa bá wa rọ̀. Ìyá ọkọ mi ní ṣé wèrè lọmọ àwọn ni. Mi ò fèsì, mo kàn na ọwọ́ mi sí wọn kí wọ́n wo àpá yẹn.

Ó ti pé oṣù méjì báyìí. Lánàá a wà nínú bọ́ọ̀sì ní Sábó Ìkòròdú, kọ̀ndọ́ ń pariwo "Àgíríìkì! Àgíríìkì!", ọmọ mi fọwọ́ di etí méjèèjì, ó ń mi ara ẹ̀ síwá sẹ́yìn, kò gé ẹnikẹ́ni jẹ, èmi wá ń sunkún bí ọ̀dẹ̀.

Ebi yìí ló kù o, oògùn yẹn ti sọ ọ́ di alájẹìyó, ṣòkòtò ilé ìwé ẹ̀ ò wọ̀ ọ́ mọ́, dókítà ní ká máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Bí mo ṣe ń tẹ èyí, ó ti gbé abọ́ lé mi nítan, ẹ̀bà ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé.